Àmín Oníṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́ta

Bí Màmá bá ń gbàdúrà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń bá aládùúgbò jà ni. Kì í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní Ọlọ́run kì í ṣe adití lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń pè é lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù, ẹni tí ò bá gbé ohùn sókè, ẹ̀yìn ni wọ́n máa tì í sí. Ó sì máa ń fi àdírẹ́sì sí àdúrà rẹ̀, kí ìbùkún má baà ṣìnà.

"Olúwa, àkọ́bí mi ni mo wí o! Káfíńtà! Èyí tó ń gbé ojúlé kejìlá, onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe ojúlé kọkànlá o! Onítọ̀hún kì í gbàdúrà, kó má lọ bá wa jẹ ohun tí kò bèèrè. Káfíńtà mi yìí, ó purọ́ fún oníbàárà lọ́jọ́ Ajé pé igi ti gbẹ. Igi ò gbẹ, Olúwa. Ìwọ náà rí i. Dárí jì í, kí o sì bá a gbẹ igi náà."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Màmá fi lọ aṣọ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Kò sí ẹ̀wù dókítà kan tó gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá tí kò gba àdúrà. Bó bá dé ibi ọrùn, á ní kí orí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ pé. Bó bá dé ibi apá, á ní kí ọwọ́ tó máa gba ibẹ̀ jáde má lọ gbé ọ̀bẹ lé kíndìnrín ọ̀tún nígbà tó jẹ́ tòsì ló ń ṣàìsàn. Àwọn dókítà ò mọ nǹkan kan. Wọ́n kàn máa ń sọ pé ẹ̀wù ilé ìwòsàn yìí ń wúwo lára àwọn díẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí àbíkẹ́yìn ṣì ń rákò. Áyọ́ọ̀nù yẹn ló fi tọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Káfíńtà tó jẹ́ àkọ́bí, Tíṣà tó jẹ́ obìnrin àárín, àti Dírẹ́bà tó fa ìdí wọn. Láàárọ̀ kùtù, á tò wọ́n sórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ oníkálukú fún Ọlọ́run létí àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe mọ ẹni tó jí ẹran inú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni Káfíńtà ṣe mọ̀ pé Tíṣà ti gba lẹ́tà ọmọkùnrin. Dírẹ́bà ní tirẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn lórí ìkúnlẹ̀. Á kan orí mọ́ ògiri, á máa hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ "ní orúkọ," á ta jí, á ké "Àmín!" bí ẹni pé òun ló kọ àdúrà náà.

Wọ́n dàgbà, oníkálukú gba ilé tirẹ̀ lọ. Wọ́n rò pé ó ti parí. Ó parí ni? Fóònù dé!

Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ìyá Jẹ́jẹ́, tí àwọn jọ lọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nítorí ohùn rẹ̀ kéré débi pé bó bá kí ọ káàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó o tó gbọ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ ló máa ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì, Màmá á sì gbàdúrà sínú fóònù, fóònù á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjìlá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́. Ó ní òun ò lè pa wọ́n pọ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Káfíńtà gbọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbọ́ ọ̀kan, ìyẹn náà dé ìdajì ni ayùn gbà á mọ́ ọn létí. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti gbọ̀n lápò rẹ̀, á fà á yọ, á kọ ọ́ pé: "Àmín o, Màmá wa. Olúwa á gbọ́." Á dá a padà sápò, á máa la pákó lọ. Nígbà tó yá, fóònù náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí Káfíńtà bá ti tẹ "À," fóònù ló ń parí ìyókù.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o! Ẹ má gbé ẹjọ́ náà gba ibẹ̀. Kò sí Sátidé tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń tún ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, òun ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdúrà ìṣẹ́jú méjìlá nìkan ni kò lágbára rẹ̀.

Màmá sùn, kò jí. Ọjọ́ ìsìnkú, Tíṣà ka ìwé ojú ewé méjì, gbogbo ọjọ́ àti oṣù pé síbẹ̀. Wọ́n ní kí àkọ́bí náà wá sọ̀rọ̀. Káfíńtà dúró níwájú èrò, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó wo èrò, èrò wò ó. Ó la ẹnu, irọ́ bọ́ síta kó tó lè fi ọwọ́ bò ó:

"Ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí Màmá fi ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi, kò sí ọ̀kan, mo ní kò sí ẹyọ kan, tí mi ò gbọ́ láti orí dé ìrù!"

Ilé àdúrà dàrú! Àwọn ìyá bú sẹ́kún. Oníwàásù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí gbogbo ọmọ dìde dúró wo ènìyàn. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ-Tó-Gbọ́. Orúkọ náà ta. Àwọn oníbàárà tuntun ń wá ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó lè gbọ́ ìyá rẹ̀ tó báyẹn kò ní kan ìṣó tó ti dípẹtà mọ́ àga ẹlòmíì.

Wíwá ọ̀nà yẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kọ̀rọ̀ kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Ẹni tó bá ń wá àga á kọ́kọ́ bá táyà pàdé. Ọdún mẹ́sàn-án ni Káfíńtà ti ń wá fèrèsé tó kọjú sí títì, kí àga rẹ̀ lè máa dá ara rẹ̀ polówó. Ibo ni irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ wà? Yàrá Màmá! Fèrèsé méjì gbàràgàdà, títì níwájú. Tíṣà ti wà nílé ọkọ, inú ọkọ̀ ni Dírẹ́bà ń gbé ju inú ilé lọ, àwọn méjèèjì sì ti ní kí àkọ́bí máa mú yàrá náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Káfíńtà ti kó àga mẹ́fà wọlé láti àárọ̀, ó tò wọ́n síwájú fèrèsé bí ìyàwó tuntun. Dírẹ́bà wọlé, ó sọ ara sórí ọ̀kan.

"Dìde níbẹ̀! Àga títà ni!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, àga tí èèyàn ò gbọdọ̀ jókòó lé, ṣé àwòrán ni?"

"O gbọ́, dìde!"

"Ẹ wò ó o," ni Tíṣà ké láti ibi àpótí. Ó na aṣọ kan sókè, ó gún régérégé bí páálí. "Aṣọ ìnulẹ̀ rèé. Màmá lọ aṣọ ìnulẹ̀! Ó tún mú ojú rẹ̀ dọ́gba."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ̀rín náà dé ibì kan, ó fẹ́ di ẹkún, àfi bí ẹnì kan ṣe kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n ṣí i. Fóòmù ìbùsùn kan tí wọ́n ká róbótó ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rí Ìyá Jẹ́jẹ́ tó rù ú, báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti dé."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí àga gbà á láyè dé. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Àlàáfíà ni. Níbo ni kí n gbé e sí?"

"Kí ni, Mà?"

"Fóòmù mi."

Wọ́n bá a sọ fóòmù kalẹ̀, wọ́n fún un ní ìjókòó; kò sí ìjókòó míì, lórí àga títà ni. Ó ṣàlàyé wúyẹ́wúyẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na ọrùn sí i bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Onílé rẹ̀ fẹ́ wó ilé, ó ní kí gbogbo ayálégbé jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ku ọdún méjì kó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Màmá ti ní kó máa bọ̀ ní yàrá òun, òun àti ọmọ náà, títí ọmọ á fi gba ìwé ẹ̀rí.

"Mi ò kàn déédéé wá o," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Mo ní kí omijé yín gbẹ ná. Màmá bèèrè lọ́wọ́ yín nínú àdúrà, ẹ̀yin àkọ́bí. Ẹ ṣe àmín sí i."

Tíṣà yíjú sí Káfíńtà. Dírẹ́bà yíjú sí i. Ó jọ pé àwọn àga náà yíjú sí i.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Tíṣà wí, "ẹ ti fi yàrá tọrẹ, ẹ tún ń kó àga sínú rẹ̀?"

Káfíńtà tún àga kan tò síwájú fèrèsé. Bó bá ní òun ò gbọ́ àdúrà kankan, Ọmọ-Tó-Gbọ́ kú nìyẹn. Bó bá ní òun gbọ́, fèrèsé lọ nìyẹn. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àdúrà yẹn! Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣé, Mà, ẹ jókòó dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Màmá jinlẹ̀? Òwe ni Màmá ń pa. Yàrá tó wí yẹn, yàrá inú ọkàn ni. Ó ní kí n fi yín sínú ọkàn mi. Ẹ sì wà níbẹ̀, Mà! Ẹ ti wà níbẹ̀ tipẹ́!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ rò ó díẹ̀. "Ó ní ó ní fèrèsé méjì," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọkàn ní fèrèsé ni?"

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ lórí àga.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ àdúrà náà fúnra wa," ni Tíṣà wí. Ohùn tó fi ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́. "Ó ṣáà wà nínú fóònù yín."

"Fóònù mi ti kú. Iná ti tán nínú rẹ̀ láti àárọ̀."

Ibẹ̀ ni fóònù ti ké lápò rẹ̀. Ó ké, ó tún gbọ̀n. Tíṣà na ọwọ́, Káfíńtà fi lé e lọ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ká iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Oníbàárà kan ló ń pè. "Ẹ ǹ lẹ́, Ọmọ-Tó-Gbọ́!" Tíṣà ní Ọmọ-Tó-Gbọ́ wà níwájú adájọ́, kó pe padà. Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ ọjọ́ àdúrà náà, wọ́n wá a, wọ́n rí i, Tíṣà tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Màmá gba gbogbo yàrá.

Kò sẹ́ni tó ti múra sílẹ̀ fún un. Oṣù méjì tí ohùn yẹn ò ti sí láyé, ó wọlé bí ẹni tó kàn lọ ra iyọ̀. Dírẹ́bà kúnlẹ̀ láìmọ̀. Bó ti ń kúnlẹ̀ ni orí rẹ̀ ń wá ògiri.

"Olúwa! Àkọ́bí mi ni mo wí o! Onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé!" Màmá kí Ọlọ́run, ó dúpẹ́ oore kékeré, ó dúpẹ́ oore ńlá, ó ròyìn pé Káfíńtà ti sanra jù. Níkẹyìn, ó dé orí ọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, yàrá mi yìí, onífèrèsé méjì, kí Ìyá Jẹ́jẹ́ máa gbé e títí ọmọ rẹ̀ á fi parí ẹ̀kọ́. Káfíńtà mi, mi ò ní fi ipá mú ọ. Bó o bá gbà, ṣe àmín."

Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà: "Àmín o, Màmá wa. Olúwa á gbọ́."

"Bọ̀ọ̀dá," ni Tíṣà wí, "ó parí."

Káfíńtà wo fèrèsé méjèèjì. Ó wo àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọdún mẹ́sàn-án! Ohun kan já nínú rẹ̀, ó figbe ta:

"Mi ò gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ mi báyìí, mi ò gbọ́ ọ! Mi ò gbọ́ ìyẹn, mi ò gbọ́ ti ọjọ́ kejì rẹ̀, bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, mi ò gbọ́ ju mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ! Fóònù ló ń ṣe àmín! Ẹ mú fóònù, kó fi yàrá tirẹ̀ sílẹ̀!"

Ó sọ orúkọ rere nù nítorí fèrèsé, kò sì kábàámọ̀. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń retí kí Ìyá Jẹ́jẹ́ bú u.

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò bú u. "Màmá mọ̀," ló wí.

"Ó mọ kí ni?"

"Pé ẹ kì í gbọ́. Ẹ tẹ ti ọjọ́ kejì."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́.

"Olúwa, o kú iṣẹ́ àná. Lórí ọ̀rọ̀ yàrá tí mo gbé wá. Ìṣẹ́jú méjìlá ni mo fi gbàdúrà. Ìyá Jẹ́jẹ́ ò tíì gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì tán, àmín ti wọlé. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta! Olúwa, ìwọ gan-an kì í tètè dáhùn tó báyẹn. Ọmọ mi ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo fẹ́ bínú, mo wá rántí pé láti kékeré ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ sí ọmọ yìí létí. Pọn omi. Pọn àbúrò rẹ. Dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, má sùn o. Etí rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, Olúwa. Nítorí náà, àmín àná yẹn, má kà á sí i lọ́rùn. Pa á rẹ́. Kó má lọ dé iwájú rẹ lọ́jọ́ kan, kí o wá ní ó ṣèlérí, kò mú un ṣẹ. Èmi ni mo bèèrè, èmi náà ni mo tú u sílẹ̀. Kí igi rẹ̀ máa gbẹ. Wá fèrèsé tó kọjú sí títì fún un, ó ti pẹ́ tó ń wá a. Ní orúkọ rẹ, ìwọ tí kì í tètè dáhùn, àmọ́ tó ń gbọ́."

Abẹ́ ìyẹn náà: "Àmín o, Màmá wa. Olúwa á gbọ́."

Ìyá Jẹ́jẹ́ dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ nu ibi tó jókòó sí. "Ó ní bí ẹ bá ní ẹ ò gbọ́, kí n má bá yín jà, kí n gbé ẹrù mi. Mo ní ìbátan kan tó lè gbà wá, yàrá kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fà ń gbé. A óò fún ara pọ̀. Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Dírẹ́bà gbé fóòmù rù ú.

Káfíńtà ti borí nìyẹn. Yàrá di tirẹ̀, fèrèsé di tirẹ̀, kò sì sí ohunkóhun lọ́rùn rẹ̀ lọ́run. Ìyá rẹ̀ ti bá a bẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó gbìyànjú kó yọ̀. Ojú ń wo títì, àmọ́ ọmọdé kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, tí oorun ń kùn, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sùn, ni ó ń rí. Ìyá rẹ̀ ò gbàgbé ọmọ yẹn. Òun alára ti gbàgbé rẹ̀.

Fóòmù dé ẹnu ọ̀nà, ó há. Okùn rẹ̀ já, ó tú, ó kún gbogbo ẹnu ọ̀nà dẹ́nudẹ́nu. Ìyá Jẹ́jẹ́ wà níta, ń fà á jẹ́jẹ́. Dírẹ́bà wà nínú, ń tì í. Káfíńtà fò dé ibẹ̀, ó gbá fóòmù mú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ń fà á wọlé o! Ẹ tì í!"

"Mo mọ ibi tí mò ń fà á sí! Kúrò níbẹ̀!"

"Ta ní wà níbẹ̀ tó ń fà mí?" Ohùn Ìyá Jẹ́jẹ́ dún láti ẹ̀yìn fóòmù.

"Àmín, Mà!" ni Káfíńtà ké.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní àmín! Ti yàrá! Mo ti gbọ́ ọ báyìí, láti orí dé ìrù. Ẹ máa bọ̀ nínú ilé!"

"Màmá ti tú u sílẹ̀ fún yín," ni Tíṣà wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kíláàsì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá ló tú tirẹ̀. Èmi ò tú tèmi. Dírẹ́bà, o ò rí i pé ó ń wọlé ni? Yẹra, àbí kó o fi ẹ̀yìn gbà á!"

Fóòmù já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó wó lu Dírẹ́bà, Ìyá Jẹ́jẹ́ sì tẹ̀lé e wọlé bí ẹni tí odò gbé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti padà sẹ́yìn ilé táyà. Ó ku orúkọ. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ọmọ-Tó-Gbọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ òtítọ́ náà lẹ́nu àwọn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lára bí ẹ̀wù tí wèrèpè bọ́ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ síwájú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa níbí lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá. Mi ò gbọ́ àdúrà wọn. Àmín ni mo kàn ń ṣe. Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí."

Ó di ojú, ó ń dúró de ìpòṣé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la ojú kan. Gbogbo èrò ti tẹrí ba. Ó rò pé àdúrà ìdáríjì ni wọ́n ń gbà fún òun, omi sì lé sí i lójú. Ó la ojú kejì. Kì í ṣe àdúrà! Oníkálukú ti fa fóònù yọ, ìka ń sá sókè sódò bí eku.

Àṣé kì í ṣe ọmọ mẹ́ta péré ni Màmá ń gbàdúrà fún.

Olórí akọrin lẹ fóònù mọ́ etí, ojú rẹ̀ ń fà ro. "Èmi? Mo gbà kí n fi ipò sílẹ̀ fún ta ni?" Tíṣà ti jókòó pẹ̀lú ọwọ́ lórí, ó ń sọ pé, "Ọmọ ogún! Mo ṣe àmín pé n óò máa kọ́ ọmọ ogún ní Sátidé!" Dírẹ́bà ń gbọ́ tirẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Oníwàásù pàápàá ti kẹ́yìn sí èrò, ó tẹ̀ sábẹ́ àga ìwàásù bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn kù. Màmá pariwo síta láti ibẹ̀:

"Olúwa, ìwàásù rẹ̀ gùn! Eegun ìdí wa ń kú! Bá mi dín in sí ogún ìṣẹ́jú. Oníwàásù mi, bí ẹ bá gbà, ẹ ṣe àmín!"

Oníwàásù nà tán díẹ̀díẹ̀, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ìwàásù tòní ti parí."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gba Káfíńtà, ẹ̀rín àtinú wá tí kò rín láti oṣù méjì. Ìyá Jẹ́jẹ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì fún gbogbo wọn dìde ní ìlà iwájú. Kíá, gbogbo ilé àdúrà dákẹ́, wọ́n na ọrùn sí i.

"Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ní, sà," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò ní kẹ́ ẹ má wàásù rárá."